Dókítà orí fóònù nígbà Kòrónà: ṣé ó ràn wá lọ́wọ́ àbí owó wa ló kàn gbọ́n lọ?

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ BÉÈRÈ:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá wa ti di ẹni ọdún 74, Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fà á. Mo fẹ́ san owó ọdún kan fún àwọn dókítà tó ń báni sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n máa bójú tó wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó tí mo fẹ́ dà sódò nìyẹn. Ó ní kí n bi àwọn tó lò ó nígbà Kòrónà tí kò sí ọ̀nà míì, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí jẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lò ó, ṣé ìgbé ayé yín dẹrùn sí i ni, àbí ariwo lásán? Ẹ má fi bò fún mi.

* * *

ÌYÁ TÓBI FÈSÌ:

Mo lò ó. Màmá mi ni mo lò ó fún. Abẹ́òkúta ni wọ́n wà, Ìyànà Ìpájà lèmi wà. Ó ràn wá lọ́wọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn ṣubú pa. Láàárín oṣù mẹ́ta kan náà ni méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, ìbéèrè kan: ta ló wà nílé pẹ̀lú bàbá? Mi ò béèrè ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ o. Ẹni tó ń sùn sínú ilé yẹn, tó ń jí síbẹ̀, ni mò ń béèrè.

* * *

Èmi Ìyá Tóbi náà ni o. Ẹnì kan kọ ọ́ sókè pé àwọn olówó Lẹ́kí nìkan ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ ká rántí bí nǹkan ṣe rí.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì ti dé Ewékorò. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé téèyàn bá ti kúrò ní Ewékorò, Abẹ́òkúta ló kù. Nígbà tí màmá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n ní "Ó ti dé ẹnu géètì wa nìyẹn." Kí oṣù kẹta tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Nígbà tí wọ́n tú ìyẹn sílẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù karùn-ún, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù keje kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ ṣírò ẹ̀: oṣù mẹ́ta gbáko tí mi ò lè rìn ìrìn wákàtí méjì lọ wo ìyá tó bí mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kówó sọ́wọ́, wọ́n ń kọjá. Èmi ò láyà ẹ̀.

Ọsibítù ńkọ́? Ẹni tí ibà lásán ń ṣe ò fẹ́ lọ, kí wọ́n má baà gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ń ya àwọn oníkòrónà sọ́tọ̀ sí ní Yábà. Àwọn ọsibítù kan náà ò sì fẹ́ rí ẹni tó bá húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ̀rù àwa àti ẹ̀rù wọn wá pàdé ní géètì. Nínú oṣù kẹrin ọdún náà ni ìjọba Èkó gbé EKOTELEMED kalẹ̀, èèyàn á pe nọ́ńbà, á bá dókítà sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni. NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, náà ní nọ́ńbà 6232 tiwọn, ọ̀fẹ́ lòun náà. Nítorí náà, ẹ yé sọ pé ti olówó ni. Aládùúgbò mi tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá òpópó pe nọ́ńbà ìjọba nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì sọ bó ṣe máa po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ náà ti ń jà lórí bọ́ọ̀lù.

Ohun kan tún nìyí. Lóṣù kẹta 2020 tí Trump, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ̀rọ̀ nípa chloroquine, oògùn ibà, àwọn kan ní Èkó kó o mì débi tí wọ́n fi dèrò ọsibítù, tí NCDC fi ń pariwo kí àwọn èèyàn má ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá mi ní ti wọn nínú dúrọ́ọ̀, mo rò pé láti ayé Babangida ló ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti ka mẹ́rin sílẹ̀ lórí tábìlì. Dókítà orí fóònù ló sọ fún wọn pé kí wọ́n dà á nù, wọ́n sì gbọ́ tiẹ̀. Èmi ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò gbọ́ tèmi. Ẹ fi ìyẹn sí apá kan òṣùwọ̀n.

* * *

Bàbá Ṣadé ní "Dókítà tí kò fọwọ́ kan èèyàn kì í ṣe dókítà." Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ tiwa, kẹ́ ẹ wá dá a bó ṣe wù yín.

Ẹ̀rọ tó ń wọn BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ti wà nílé, nínú páálí rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ìbátan wa kan ló rà á. Mo forúkọ màmá mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, mo san owó oṣù mẹ́ta. Dókítà wọn ní kí a máa wọn BP láàárọ̀ àti lálẹ́, kí a máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ojú màmá mi ò ríran mọ́ dáadáa. Ọmọ ayálégbé wọn la gbé iṣẹ́ náà fún, ẹ jẹ́ n pè é ní Bísọ́lá. Ọmọ ọdún 14 ni, iléèwé ti tì, kò sí ohun tó ń ṣe. Ó mú ìwé ẹ̀kọ́ ìṣirò rẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó yí i sẹ́yìn, ó fi rúlà fa ìlà sí i: déètì, àárọ̀, alẹ́. Ọwọ́ ọmọ náà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: 168/97. 171/99. 174/96.

Èmi jókòó sídìí máṣíìnì ní Èkó, télọ̀ ni mí, ìbòmú ni gbogbo wa ń rán nígbà yẹn, tí fóònù bá ti dún ní agogo méje àárọ̀, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ gbọ̀n. Dókítà náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ o, mi ò parọ́ mọ́ ọn. Amlodipine 5, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni màmá mi ń lò tẹ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di 10. Mo fowó ránṣẹ́, wọ́n rà á lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìlú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nọ́ńbà wálẹ̀ díẹ̀, kò wálẹ̀ tó bá a ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n òyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ màmá mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dìde láti lọ bu omi, wọ́n ṣubú lulẹ̀ gbì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àpò gàrí tó wà níbẹ̀ ló gba orí wọn sílẹ̀.

Àbúrò mi kan wà ní Manchester, ọmọ àbúrò màmá mi, nọ́ọ̀sì ni. Òun ló pè lórí fídíò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní "Ẹ má sọ nọ́ńbà fún mi. Ẹ jẹ́ n rí bẹ́ ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n." Bísọ́lá gbé fóònù ti agolo mílíìkì. Ẹ wá wo ohun tí a rí. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Obì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ń kí wa, wọ́n ń béèrè àwọn ọmọ. Ọwọ́ wọn ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Bísọ́lá wá mú bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà, ó dì í lé orí ọwọ́ búbá. Búbá àdìrẹ tó nípọn bí pátákó, tí mo fi aṣọ míì tẹ́ nínú. Èmi fúnra mi ni mo rán an.

Àbúrò mi ní "Bísọ́lá, dúró ná." Ó ní kí màmá lọ tọ̀ kí wọ́n padà wá. Ó ní kí wọ́n tu obì dànù, ká sì dúró fún ìdajì wákàtí. Ó ní kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ ohunkóhun. Ìyẹn ló nira jù fún màmá mi. Kí apá wà lórí tábìlì, ní ọ̀gangan àyà. Kí wọ́n bọ́ ọwọ́ búbá kúrò pátápátá, kí wọ́n má ká a sókè kó wá fún apá bí okùn. Ó ní ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lè fi bíi 10 lé nọ́ńbà, apá tó ń fì lè fi bíi 10 mìíràn lé e, ìtọ̀ tó kún inú náà ń ṣe tiẹ̀.

138/82. Ó tún un wọ̀n: 136/82.

Aṣọ tí mo rán ni dókítà ti ń fún lóògùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

* * *

Ẹ ti ń bínú sí dókítà, mo rí i nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Adéọlá tilẹ̀ ní kí n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ rọra. Tó bá jẹ́ pé ọsibítù la lọ, ṣé nọ́ọ̀sì tí ogún èèyàn tò sí lọ́rùn á jẹ́ kí màmá mi jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó wọn BP wọn? Lórí ìdúró ni wọ́n ti máa ń wọ̀n ọ́n fún wọn tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe yẹn ti wà kí fóònù tó dé. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú dókítà ni pé kò béèrè bá a ṣe ń wọ̀n ọ́n. Èmi náà sì jẹ̀bi, torí nọ́ńbà nìkan ni mò ń fi ránṣẹ́, mi ò fìgbà kan sọ fún un pé ọmọ ọdún 14 ló ń wọ̀n ọ́n. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Mo pe dókítà náà padà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò jà. Ó dá oògùn padà sí 5, ó sì fi fídíò kékeré kan ránṣẹ́ sí Bísọ́lá nípa bí wọ́n ṣe ń dì í. Ó yẹ kó ti fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní.

* * *

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ti ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ìdáhùn Bàbá Ṣadé.

Kí wọ́n tó ṣubú, ẹsẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú, méjèèjì, ní ọrùn ẹsẹ̀. Bàtà wọn ò wọlé mọ́. Ẹ mọ ohun tí àdúgbò sọ? Wọ́n ní wọ́n ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. Wọ́n tilẹ̀ ti mọ ẹni tó gbé e sílẹ̀, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń du ìlà ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ń fi àdí pa á, ẹnì kan ń mú omi àdúrà bọ̀. Èmi ní Èkó ń ronú kídìnrín, mi ò sùn.

Dókítà ní kí Bísọ́lá gbé fóònù sún mọ́ ojúgun, lójú ọjọ́, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Ó ní kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó ka márùn-ún. Nígbà tí ọmọ náà gbé ọwọ́ kúrò, ojú àtàǹpàkò wà níbẹ̀, ó jinlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tẹ ìyẹ̀fun. Kò tètè kún. Ó béèrè bóyá ẹsẹ̀ kan ń dùn wọ́n ju èkejì lọ, bóyá èémí ń ká wọn mọ́ tí wọ́n bá sùn gbalaja. Rárá. Ó ní oògùn tí a sọ di méjì yẹn máa ń wú ẹsẹ̀ àwọn kan, kí a fún un lọ́jọ́ díẹ̀. Nígbà tí oògùn dín kù, wíwú ẹsẹ̀ náà lọ sílẹ̀. Obìnrin onílà ṣọ́ọ̀bù yẹn ò mọ̀ títí dòní pé amlodipine ló gbà á lẹ́nu aráyé.

Nítorí náà, Bàbá Ṣadé, ẹnì kan fọwọ́ kàn wọ́n o. Ọwọ́ Bísọ́lá ni.

* * *

Ọ̀rọ̀ èdè. Ẹnì kan ní èdè ò níṣòro, pé ọmọ á túmọ̀ ọ. Hà.

Màmá mi ní "Àyà mi ń já." Bísọ́lá sọ fún dókítà lédè òyìnbó pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Kò parọ́, èèyàn lè sọ bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ṣùgbọ́n ohun tí màmá mi ń sọ ni pé ọkàn wọn ń lù kìkì, ó ń fo, ó ń dúró, bí ẹni ń sáré. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n má gbọ́ ìròyìn Kòrónà jù. Màmá mi kàn ń wò ó. Ẹ tún wo "inú ń bí mi" àti "inú ń run mí", "ara ń ta mí" àti "ara ń ro mí", kẹ́ ẹ sọ fún mi bí ọmọ tó gbọ́ Yorùbá iléèwé ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já.

Ti ìtìjú ńkọ́? Ìtọ̀ ń bọ́ lára màmá mi lálẹ́. Oṣù méjì ni wọn ò fi sọ ọ́, torí ọmọ kékeré ló di fóònù mú, ọkùnrin ló sì wà lódì kejì. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ máíkì WhatsApp mọ́lẹ̀ kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ ni wọ́n tó dá sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìṣẹ́jú kìíní, wọ́n kí dókítà kú iṣẹ́. Ìkejì, wọ́n béèrè ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ, wọ́n wúre. Ìṣẹ́jú kẹta ni ọ̀rọ̀ gan-an wà, kò ju gbólóhùn méjì lọ. Dókítà fèsì láàárín ìṣẹ́jú kan pé "Amin ma." Ẹ ti mọ ibi tó gbọ́ ọ dé.

Èmi ló wá ń gbọ́ ọ, mò ń kọ ìṣẹ́jú kẹta sílẹ̀ fún un.

* * *

Ẹ̀rọ àhámọ́ka yẹn, oximeter, tó ń wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, àwọn mẹ́ta ti béèrè bóyá kí wọ́n rà á.

Ẹ rà á tẹ́ ẹ bá lówó ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe òrìṣà. Nígbà tí àrùn náà tún gbé orí lẹ́ẹ̀kejì, ní ìparí 2020 wọ 2021, ìyàwó àbúrò mi ń húkọ́ díẹ̀. Wọ́n há a mọ́ ọn níka: 86. Gbogbo ilé dìde, wọ́n ti ń wá ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó, ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ń bi wọ́n pé kí ló dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe nìkáà ni, làálì dúdú wà ní ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Iná ni ẹ̀rọ yẹn ń tàn gba inú ìka kọjá, làálì àti ọ̀dà èékánná sì ń dí i lọ́nà. Wọ́n há a mọ́ ìka ẹsẹ̀ tí kò ní làálì: 97. Ó ní kí wọ́n bu ẹran kún ẹ̀wà òun nítorí ìpayà tí wọ́n kó bá òun.

Ìyẹn dùn ún rín. Èyí tí kò dùn ún rín ni òdìkejì rẹ̀. Lóṣù kejìlá 2020, àwọn dókítà ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ yìí sọ pé atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàárín 92 sí 96. Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nǹkan bíi 12 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ni tiwọn ò tó 88. Láàárín àwọn òyìnbó, kò pé 4. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ náà lè wo aláwọ̀ dúdú tó ń kú lọ, kó ní "ara ẹ̀ le." Tí nọ́ńbà bá dáa tí ẹni náà ò sì lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle, ẹ̀mí tẹ́ ẹ fojú rí ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o ní o fẹ́ san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Má ṣe é. San ti oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ní Rwanda, wọ́n ní Babyl, ilé iṣẹ́ dókítà orí fóònù, láti 2016. Fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ti tó téèyàn fi lè bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, ìjọba wọn tọwọ́ bọ ìwé ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú wọn ní 2020. Ohun tó dáa ni, mo máa ń fi bú àwọn tiwa. Ṣùgbọ́n Babylon, ilé iṣẹ́ kan nílùú ọba, ló ni ín, nígbà tí Babylon wó ní 2023, Babyl náà tilẹ̀kùn. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí odindi ìlú, kí la fẹ́ sọ nípa owó bàbá rẹ?

Kó o tó san kọ́bọ̀, bi wọ́n pé: ṣé dókítà kan náà ni màá máa bá sọ̀rọ̀, àbí ẹni tí ipò kàn? Ṣé ó gbọ́ Yorùbá? Ṣé orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà? Tí bàbá bá nílò ọsibítù lóru, ta lẹ máa pè? Ilé iṣẹ́ tí a lò, ẹni kẹta tó gbé fóònù ló sọ fún mi pé ìyẹn ò sí nínú owó tí mo san.

* * *

Adéọlá tún padà wá. Ó ní mo ti sọ̀rọ̀ BP títí, mi ò tíì dáhùn ti ìgbé ayé. Òótọ́ ni.

Ìgbé ayé ta ni? Tèmi dẹrùn ní apá kan. Mi ò kú ikú àìmọ̀ ní Èkó, mo mọ̀ láràárọ̀ pé wọ́n jí. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn náà ló sọ mí di ọ̀gá nọ́ọ̀sì tí kò gba ẹ̀kọ́. Tí Bísọ́lá bá pẹ́ kó tó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, tí màmá mi kàn sùn lé, mi ò ní lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gé aṣọ oníbàárà dànù nítorí agogo méje kọjá.

Ti màmá mi ló yà mí lẹ́nu. Mo rò pé inú wọn á dùn pé wọn ò ní máa to ìlà láti agogo mẹ́fà àárọ̀ mọ́. Nígbà tí ọ̀nà ṣí lóṣù keje tí mo délé, mo bi wọ́n pé ṣé kí a kúkú máa bá fóònù lọ, kí wọ́n má lọ kíníìkì mọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kíníìkì ni ọjọ́ tí àwọn ìyá oníẹ̀jẹ̀-ríru máa ń pàdé. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó díẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ta ló ṣaláìsí, ta lọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó, wọ́n á wá ra mọ́ín-mọ́ín elépo lọ́wọ́ obìnrin kan lábẹ́ igi. Aṣọ ìmúròde ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n ní "Dókítà inú fóònù yẹn gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ wọṣọ fún?"

Ohun mìíràn tí kò sẹ́ni tó sọ: Bísọ́lá. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ yẹn fi ṣiṣẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ilé iṣẹ́ gba owó, àwọn tó ń ta dátà gba owó, kẹ́míìsì gba owó. Mo rán aṣọ méjì fún un, mo sì rò pé mo ti ṣe é. Nígbà tí iléèwé wọlé padà lóṣù kẹsàn-án, ó ní láti jáde ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Mo ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́. Láti oṣù kẹsàn-án, Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ló ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, Sọ́ńdè nìkan. Lẹ́yìn náà, ìlà tí ó fi rúlà fà sílẹ̀ ṣì wà, déètì ti wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Mo ṣì ń san owó dókítà ní gbogbo ìgbà yẹn.

* * *

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ:

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Tóbi. Mo ti ń sá fún ìbéèrè yín àkọ́kọ́ yẹn. Ìyàwó bàbá ló wà nílé, àwọn náà ti dàgbà, ojú ń dùn wọ́n. Àmọ́ ọmọkùnrin onígbàjámọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù lójúde wa. Ojoojúmọ́ ló ń bá bàbá ta ayò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó mọ̀wé díẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ó lè ṣe é?

* * *

ÌYÁ TÓBI:

Ó lè ṣe é dáadáa! Ẹni tó ń di abẹ mú lórí èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n. Ṣùgbọ́n fún un lówó lóṣooṣù, kó jẹ́ owó tó nítumọ̀, kí o sì fún un lọ́wọ́ ara rẹ̀, má fi gba ọ̀dọ̀ bàbá. Yọ ọ́ nínú èyí tó o fẹ́ kó fún dókítà. Ra ẹ̀rọ tó ń di apá, má ra èyí tó ń di ọrùn ọwọ́, kó o sì wọn yíká apá bàbá kó o tó rà á, torí tí apá bá sanra tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà sì kéré, nọ́ńbà á ga.

Kí ó máa wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó ta ayò, má jẹ́ kó di lẹ́yìn ayò. Èmi mọ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń rí tí wọ́n bá jẹ wọ́n.

Àti pé, ọ̀rẹ́ mi, sọ fún onígbàjámọ̀ náà pé kó bọ́ ọwọ́ agbádá kúrò.